Ibo ni agbára ń gbà lọ gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo fì í. Díẹ̀díẹ̀ ló rọlẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Atẹ́gùn ló gba agbára rẹ̀, ó di ooru. Ìyẹn yé mi. Ti ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hulse àti Taylor ṣàwárí lọ́dún 1974, náà yé mi díẹ̀: ìgbì gravity (agbára òòfà) ló ń kó agbára wọn lọ, wọ́n sì ń sún mọ́ra.

Átọ́ọ̀mù ló rú mi lójú. Ìṣirò Schrödinger, tó ń sọ bí nǹkan tíntìntín bí átọ́ọ̀mù ṣe ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ, ẹ yí àkókò rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ṣì bára mu. Báwo ni àdánù agbára ṣe wá ń ti inú rẹ̀ jáde? Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ Caldeira àti Leggett, àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé lórí bí irú nǹkan tíntìntín bẹ́ẹ̀ ṣe ń pàdánù agbára (òkè ńlá ni lójú mi o), àbí kí n kọ́kọ́ mọ ìmọ̀ ooru dunjú?