Ẹ gbà mí o: ṣé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù mi lè máa fi ẹ́tánọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́?

Alákẹ́rù: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kẹta rèé tí n kò rí oorun sùn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ni mo ní, òun ló ń bọ́ ilé mi, òun náà ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Owó epo ti jẹ gbogbo èrè tán. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń yọ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tó ń jó, láti inú ìreké, ó ní kí n máa wá bu díẹ̀díẹ̀. Mo sọ ọ́ fún mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ yìí láti ọdún 6, ṣe ló bú sẹ́rìn-ín lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Kò ṣeé ṣe" nìkan ló sọ, kò ṣàlàyé kankan. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju owó epo lọ. Ṣebí ọtí ni ọkọ̀ fi ń rìn ní Brazil? Bọ́dì ọkọ̀ náà ṣì le koko, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táyà 4 tuntun sí i, mo sì tún ìjókòó rẹ̀ rán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé yóò gbà á?

Ọmọ Ìrìnnà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú ọkọ̀ wo ni? Ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Bẹntiróòlù ló ń mu ni àbí dísẹ́ẹ̀lì? Ẹ ti sọ ti táyà àti ìjókòó, ẹ ò sọ ti ẹ́ńjìnnì.

Ìyá Ìbejì: Ojú mi ti rí i rí. Ọkọ̀ mi àtijọ́, oníkabúrétọ̀, ẹnì kan ní kí n da ẹ́tánọ́ọ̀lù sí i dé ìlàjì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí họ́ọ̀sì epo fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, dúdú ara rẹ̀ yí mi lọ́wọ́. Gbogbo ìdọ̀tí tó ti ń sùn nísàlẹ̀ táǹkì láti ọjọ́ pípẹ́ ló ṣí dìde tó lọ dí fílítà. Fílítà 3 ni mo pààrọ̀ lóṣù kan! Tí ojú ọjọ́ bá tutù láàárọ̀, màá ta á títí bátìrì yóò fi kú. Ẹ má dán an wò.

Tíṣà Físíìsì: Mà á, ọkọ̀ tiyín kọ́ ni wọ́n ṣe fún un, ìyẹn ò sọ pé kò sí èyí tó lè lò ó. Brazil bẹ̀rẹ̀ ètò Proálcool, ètò ìjọba láti máa fi ọtí rọ́pò bẹntiróòlù, ní 1975. Nígbà tó di 1979, ọkọ̀ tó ń lo ọtí nìkan ti wà lọ́jà níbẹ̀, láti 2003 sì ni wọ́n ti ń ta èyí tó lè lo méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló tún ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn ṣe. Bẹntiróòlù kílò 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kílò 14.7 kó tó jó tán, ẹ́tánọ́ọ̀lù kílò 1 ò fẹ́ ju kílò 9 lọ. Èyí ni pé epo tó máa wọlé gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Tí nọ́súlù, ẹnu tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì, ò bá lè tu iye yẹn, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ, ọkọ̀ á máa kọsẹ̀, kò ní lágbára. Agbára tó wà nínú lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù kan sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti bẹntiróòlù, ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò èrè yín.

Tó bá jẹ́ E10, tí ìdá 10 nínú 100 jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù òde òní ń gbà á. E85, tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè dé ìdá 85 nínú 100, ni kì í ṣe ti gbogbo ọkọ̀. Ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ wò, ẹ sì ṣí ibi tí a ti ń rọ epo. Àkọlé sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Tíṣà, ẹ̀yin ń fi ìwé sọ̀rọ̀, èmi ń fi ọwọ́ mi tó dúdú sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìrìnnà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dáhùn ìbéèrè mi ná.

Alákẹ́rù: Ẹ ṣeun gan-an. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, kò bá ìwé wá, àkọlé ẹnu táǹkì náà sì ti pa rẹ́. Ẹ má jẹ́ ká máa ṣe bí ẹni pé n ò mọ nǹkan kan o, ọdún 15 rèé tí mo ti ń wakọ̀. Ọtí àna mi kì í ṣe ayédèrú, ó wọ̀n ọ́n níṣojú mi, ìdá 95 nínú 100 ni, omi ni ìyókù. Ẹni tó ń bi mí, dísẹ́ẹ̀lì ni mò ń rà sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Púlọ́ọ̀gì wà lórí ẹ́ńjìnnì náà, mẹ́rin, mo fi ojú ara mi rí wọn. Níbi tí púlọ́ọ̀gì bá wà, iná ń ṣẹ́ níbẹ̀, ọtí á sì gbiná.

Ọmọ Ìrìnnà: Dísẹ́ẹ̀lì! Gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti àárọ̀, ti bẹntiróòlù ni.

Ọ̀gá Nọ́súlù: Alákẹ́rù, mo fẹ́ kí o lọ wo ohun kan kó o padà wá. Àwọn púlọ́ọ̀gì mẹ́rin yẹn, ṣé wáyà onírọ́bà tó nípọn ló lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àbí irin pẹlẹbẹ kan ló so orí gbogbo wọn pọ̀?

Alákẹ́rù: Irin pẹlẹbẹ ni, ọ̀gá. Ó tín-ín-rín, nọ́ọ̀tì kékeré ni wọ́n fi dè é mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà kan ṣoṣo ló wọ inú rẹ̀.

Ọ̀gá Nọ́súlù: Púlọ́ọ̀gì hítà nìyẹn. Kì í ṣẹ́ iná. Ó kàn ń pọ́n kí inú ẹ́ńjìnnì lè móoru tí o bá fẹ́ ta á, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí. Ohun tó ń tan dísẹ́ẹ̀lì ni afẹ́fẹ́ tí písítìnì tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tó fi gbóná janjan. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí epo ṣe ń tètè gbiná nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì máa ń wà láàárín 40 sí 55. Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù ò tó 10. Ohun tó burú jù níbẹ̀ rèé: dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rá sí páǹpù àti nọ́súlù. Ẹ́tánọ́ọ̀lù gbẹ, irin á máa ha irin.

Tíṣà Físíìsì: Síbẹ̀ Scania, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Sweden, ti ṣe bọ́ọ̀sì tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Stockholm.

Ọ̀gá Nọ́súlù: Òótọ́ ni, tíṣà, ẹ sọ ọ́ parí. ED95 ni epo wọn, ẹ́tánọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n po oògùn tó ń jẹ́ kó gbiná mọ́ ọn. Wọ́n gbé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì náà dé 28 sí 1, èyí tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa ò ju nǹkan bí 16 sí 22 lọ. Ẹ má fi ìyẹn ti ọmọ ọlọ́mọ sínú gbèsè.

Tíṣà Físíìsì: Mo gbà. Ó yẹ kí n sọ ọ́ tán.

Alákẹ́rù: Ẹ má bínú sí mi. N kò sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti da lítà 20 sínú táǹkì lánàá, dísẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ dé ìdajì. Mo wà á dé ìta, ó ń kọsẹ̀, ó ń tú èéfín funfun, ó wá kú. Láàárọ̀ yìí mo fà díẹ̀ sínú ìgò. Ìpele méjì ni mo rí: èyí tó mọ́ gaara lókè, pípọ́n-bí-oyin nísàlẹ̀. Mo mì í títí, bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ ló tún pín.

Ọ̀gá Nọ́súlù: Má ta á mọ́! Tú orí bátìrì kúrò báyìí. Dísẹ́ẹ̀lì nìkan, oru rẹ̀ kì í gbiná títí yóò fi gbóná kọjá 50°C. Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù, nǹkan bí 13°C ti tó, oru yẹn ló sì kún òkè táǹkì rẹ nísinsìnyí. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀, kí ẹ má ṣe lo iná oníjíjó. Ẹ fa gbogbo epo inú táǹkì jáde, ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ fi dísẹ́ẹ̀lì mímọ́ fọ ọ̀nà epo, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó ta á.

Ìyá Ìbejì: Mo ní kí ẹ má dán an wò, ẹ ti dán an wò kẹ́ ẹ tó bi wá! Ọlọ́run á bá wa ṣe é.

Alákẹ́rù *(ọjọ́ kejì)*: Mẹkáníìkì mi ló wá. Ó ní ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe lọ́jọ́ náà ló fi rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀ mí. A fa táǹkì gbẹ, a pààrọ̀ fílítà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ta á kó tó dáhùn. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n epo ń kán tó-tó-tó lára páǹpù, níbi tí kò ti kán tẹ́lẹ̀. Ó ní síìlì ni, kò tíì mọ̀ bóyá inú páǹpù náà ti ha. Ọ̀gá, mo dúpẹ́. Èyí tí a fà jáde ńkọ́, lítà bí i 50?

Ọ̀gá Nọ́súlù: Kó o sínú kẹ́ẹ̀gì onírin tó ní ìdérí, kọ ọ́ sí i lára pé àdàlù ni, gbé e jìnnà sí ilé. Má dà á sílẹ̀, má sì tún un rọ sí ọkọ̀ kankan. Ní ti páǹpù, má rù ẹrù títí wọn ó fi tú u wò.

Alákẹ́rù: Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Ọ̀la ni a ó tú u.