Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oúnjẹ wo ni mo lè kó pamọ́ sílé fún ọjọ́ ìṣòro?

ÌyáWúrà

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Apá ìsàlẹ̀ Apẹ́tẹ́ n'Ìbàdàn là ń gbé: èmi, ọmọ méjì (ọmọ ọdún 7 àti ọmọ ọdún 3), àti ìyá ọkọ mi tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá wọn kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, omi gba ojú ọ̀nà wa, odidi ọjọ́ mẹ́ta la ò fi lè jáde. Kí ló wà nílé? Páálí núdùsì kan àti gàrí tí kò tó kóńgò kan. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ọmọ mi kékeré ò rí ìgbẹ́ yà mọ́, Màmá sì ń sọ pé òòyì ń kọ́ àwọn. Ojú tì mí, ká má parọ́.

Mo wá pinnu pé màá kó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì pamọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn àfi bí ọ̀ràn bá dé. ₦80,000 ni mo rí tù jọ, mo sì ní kọ́bọ́ọ̀dù kan ní kíṣìnì. Ti fíríìjì, ẹ má bi mí, ẹ mọ ìwà NẸ́PÀ. Inú agolo ni ọkàn mi ń lọ: ẹ̀wà alágolo, ẹja alágolo, ẹran alágolo. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

ỌmọẸlẹ́wà

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì kó owó yẹn lé agolo lórí. Ẹ̀wà alágolo kan, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó jẹ ẹ́ tán, omi àti páànù lẹ sì fi ìdajì owó yín rà. Ìyá mi ti ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà kí wọ́n tó bí mi, èmi gan-an sì ti gbé àpò dé ibi tí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ ọjà.

Ṣebí àwọn ìyá wa àgbà ò mọ agolo? Àjà ni wọ́n ń kó oúnjẹ sí, lókè ibi tí èéfín iná ti ń fẹ́ sí i. Ẹ̀lùbọ́, àgbàdo, orúnlá, ẹja gbígbẹ, ẹ̀gúsí, irú tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Gbogbo ẹ̀ náà ṣì wà lọ́jà lónìí. Ẹ ra ẹ̀wà, ẹ ra gàrí tó yan dáadáa, ẹ̀lùbọ́, ìrẹsì díẹ̀, ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì lọ̀, epo pupa, iyọ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó fún gbẹ̀gìrì náà dára, kò ní jẹ gáàsì tó ẹ̀wà odidi.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀wà, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ gbé e sí imú. Ẹ̀wà máa ń rùn bí erùpẹ̀ gbígbẹ. Tí òórùn oògùn apakòkòrò bá jáde, ẹ dà á padà, ẹ máa lọ. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos sínú ẹ̀wà kó má baà ní kòkòrò, ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ nínú ọjà nítorí irú ìlòkulò báyìí. Fífọ̀ ò lè fọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Èyí tí kòkòrò ti lu ihò kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀ kò burú tó èyí tí kòkòrò ò lè sún mọ́ rárá.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ẹ kú ilé mà. Ọ̀rọ̀ Màmá ló kàn mí jù. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí kò sì rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Ó lè jẹ́ òun ni òòyì tó kọ́ wọn yẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà wọn gbọ́ sí i. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń ṣètò oúnjẹ, ẹ fi oògùn wọn tó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì kún un, kí ṣúgà oníhóró díẹ̀ náà wà ní ìtòsí wọn. Ó lè yà yín lẹ́nu pé mo ní kí ẹ gbé ṣúgà fún onítọ̀ ṣúgà, àmọ́ bí òógùn bá bò wọ́n, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, òun gan-an ni wọ́n nílò kíákíá.

Oúnjẹ wọn: ẹ̀wà ni kí ó ṣáájú. Ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú, ọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà nínú, ẹ̀pà. Gàrí nìkan kò dára fún wọn. Ẹran alágolo tí ẹ sọ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, iyọ̀ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Àwọn hóró Maggi náà, ẹ dín in kù. Irú àti edé gígún á mú ọbẹ̀ yín ta sánsán.

Ti ọmọ kékeré: omi àti oúnjẹ tó ṣì ní èèpo lára ni kò rí. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú un ní ọjọ́ tí ọ̀nà dí, omi oníyọ̀ àti ṣúgà lẹ ó pò: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìmùtíì 6 ṣúgà tí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí ìmùtíì iyọ̀. Ẹ má fi ojú díwọ̀n iyọ̀ o.

BàbáMápó

Ìyàwó wa, o kú làálàá. Oúnjẹ ni gbogbo yín ń sọ, ẹ ò sọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ojú mi ni omíyalé odò Ògùnpa ṣe ní 31 August 1980, ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní àpò ìrẹsì mẹ́ta nílé, orí ilẹ̀ ló tò wọ́n sí. Omi wọlé, ìrẹsì mu omi, ó wú, ó ya àpò. Nígbà tí a fi máa padà débẹ̀, gbogbo àdúgbò ń rùn bí ọtí. Ní August 2011 nígbà tí afárá Apẹ́tẹ́ lọ, àwọn tó wà lápá ibẹ̀ á rántí pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ni.

Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ yẹn, ṣé ti ìsàlẹ̀ ni àbí ti òkè? Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ìkòkò ni kí o kó síbẹ̀. Pẹpẹ tó ga ju orí rẹ lọ ni ti oúnjẹ.

Kànga náà ńkọ́? Bí omíyalé bá ti kó ṣáláńgá mọ́ kànga, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mu ún bẹ́ẹ̀. Pọn omi mímu sínú kéègì tó mọ́ kí òjò tó dé, bíi lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́, ti mímu àti ti sísè. Ṣírò ẹ̀ fún ẹni mẹ́rin, wàá rí i pé omi ló máa gba ààyè ju ẹ̀wà lọ.

ÌyáWúrà

Ẹ ṣeun gan-an bàbá, kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ni o! Mi ò tilẹ̀ rò ó. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, màá bá dókítà Màmá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ fún àyẹ̀wò.

Ìbéèrè kan: ata gbígbẹ ni ìyá mi máa ń da sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

ỌmọẸlẹ́wà

Ó ń ṣe díẹ̀. Kòkòrò tó ti wà nínú hóró kò mọ̀ pé ata wà níta.

Àgbẹ̀Mọníyà

Ọmọ Ẹlẹ́wà, ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni. Láti oko ni kòkòrò ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà, ẹ̀yin ni ẹ gbé e wálé fúnra yín. Afẹ́fẹ́ lẹ máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ní Kamẹrúùnù, ó sì ti wà lọ́jà wa tipẹ́. Ìpele mẹ́ta ni: ọ̀rá tó nípọn méjì nínú, àpò bàgíkò níta. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí a ń fún aṣọ, ẹ ká a, ẹ so ó. Ẹ ṣe ti ìkejì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ so ti ìta. Kòkòrò inú ẹ̀ á mí, á mí, títí afẹ́fẹ́ á fi tán, á sì kú. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ń ṣí i lójoojúmọ́, ẹ ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ tuntun nìyẹn.

Àpò náà tóbi jù fún kóńgò mẹ́rin márùn-ún. Ìgò ike omi tó gbẹ fọ́nfọ́n ni kí ẹ lò: ẹ da ẹ̀wà kún un dé ẹnu, ẹ gbọ̀n ọ́n kó wọlẹ̀, ẹ tún fi kún un, ẹ dé e pinpin. Ìgò kan, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan, àwọn yòókù ò gbọ́ nǹkan kan.

Kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ wò ó bóyá ó gbẹ. Ẹ wá ìgò onígíláàsì tó gbẹ, ẹ da ẹ̀wà sí i títí dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan sí i. Ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú ẹ̀wà yẹn, ẹ tún sá a. Tí ìgò bá mọ́ kedere tí iyọ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ máa kó o pamọ́.

Ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀pà náà, ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni. Èyí tó bá ti bu, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sá a pé ẹ fẹ́ tún un ṣe, ẹ dà á nù. Májèlé kan wà nínú bíbu yẹn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á.

Àpọ́nAgbowó

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gáàsì. Ká ní omi dí ọ̀nà lónìí tí gáàsì sì tán, ẹ̀wà tó wà nínú àwọn ìgò yẹn, ẹ ó máa wò ó ni. Àǹtí, ẹ ní àwọn nǹkan tí kò fẹ́ iná: gàrí, kúlíkúlì, ẹ̀pà sísun, mílíìkì oníyẹ̀fun. Gàrí òun kúlíkúlì òun mílíìkì ti bọ́ mi jálẹ̀ ìdánwò méjì, mo sì ń bẹ láàyè. Tí ẹ bá fẹ́ se ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, iná tó máa jẹ á dín kù.

Mo sì máa gbèjà agolo díẹ̀, ẹ má bínú. Sàdíìnì mẹ́fà ò burú. Ẹ ò ní sè é, egungun inú ẹ̀ rọ̀, ọmọ lè jẹ ẹ́. Ẹ ṣáà wo déètì ara ẹ̀, èyí tí ikùn rẹ̀ bá sì wú bí aboyún, ẹ má ṣí i rárá.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Mo gbà fún Àpọ́n lórí sàdíìnì. Tí Màmá bá fẹ́ jẹ níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni nítorí iyọ̀.

Gàrí, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí líle, kì í ṣe inú ọ̀rá. Eku tó bá tọ̀ sínú gàrí lè kó ibà Lassa ranni, gàrí tí a kàn da omi sí kò sì rí iná kó tó dé ẹnu.

ÌyáỌlọ́jàṢáṣá

Ìyá Wúrà, kí ni o ń pè ní èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn? Oúnjẹ tí wọn ò bá fọwọ́ kàn, kòkòrò á fọwọ́ kàn án. Mo ti ṣe é rí. Mo ti ọ̀fadà kóńgò mẹ́wàá mọ́ yàrá ní ọdún Kòrónà, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́sàn-án, ó ti ń rùn bí òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Epo wà lára èèpo ọ̀fadà, kì í pẹ́ tó ìrẹsì funfun. Adìyẹ ló jẹ ẹ́.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí. Ohun tí a ń jẹ lójoojúmọ́ náà ni mo ń rà, mo kàn ń ra ti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Iwájú là ń mú, ẹ̀yìn là ń tò sí. Mo fi bírò kọ oṣù tí mo rà á sára ìdérí. Bí ìgò ẹ̀wà bá ti ku mẹ́ta, mo ti mọ̀ pé ọjà kàn mí. Ohun tí ọmọ rẹ kì í bá jẹ nígbà tí ara dẹ̀, kò ní jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí omi yí ilé ká.

Fún ọbẹ̀, sá tàtàṣé àti tòmátò nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà tó sì wálẹ̀, kó tó di ọ̀wọ́n. Orúnlá ò ní kọ̀ ọ́. Alùbọ́sà tó gbẹ dáadáa á lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú apẹ̀rẹ̀, iṣu náà bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní nǹkan olówó ńlá.

ÌyáWúrà

Ẹ̀yin ará ilé, mo padà dé o. Mo lọ sí Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé. Mo ra ẹ̀wà, gàrí, ẹ̀lùbọ́ iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì, ẹ̀gúsí, ẹja àrọ̀ gbígbẹ, edé, orúnlá, epo, kúlíkúlì, ọ́ọ̀tì, sàdíìnì mẹ́fà fún Àpọ́n Agbowó. Owó ṣẹ́kù tí mo fi ra kéègì méjì. Ọkọ mi ti kan pẹpẹ mọ́ ògiri lókè, bàbá Mápó ẹ ṣeun.

Ẹlẹ́wà àkọ́kọ́ tí mo yà lọ́dọ̀ ẹ̀, bí mo ṣe gbé e sí imú báyìí, ojú mi ta! Obìnrin náà bi mí bóyá òtútù ń mú mi. Ọ̀dọ̀ ìkẹta ni mo ti rà.

Mo ṣe ti iyọ̀ inú ìgò yẹn lálẹ́. Ìgò funfun báláú, gbogbo iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀wà tí mo rò pé ó gbẹ! Ni mo bá sá a sórí tapólì níwájú ilé lówurọ̀ yìí. Kí n tó wẹ ọmọ tán, ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ tó kóńgò kan níbẹ̀. Màmá ti gbé àga síta báyìí, wọ́n jókòó ti ẹ̀wà, ọ̀pá ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ò ní wọlé àfi tí oòrùn bá wọ̀.