Alárenà kì í tú yìgì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìlọrà ní ká máa pe kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí àwọn kẹ́míkà tètè para dà tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán, ní "aṣokùnfà" ní Yorùbá. Ẹlòmíràn ní "alárenà" ló dáa. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

"Aṣokùnfà" ti kó bá mi rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì kọ ọ́ pé kátálíìsì ń jẹ́ kí amóníà (ohun tí náítírójìn àti háídírójìn ń so pọ̀ dà) pọ̀ sí i. Kì í mú un pọ̀, yíyá ló ń mú un yá. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní aṣokùnfà ni, sà." Mo dákẹ́.

"Alárenà" dùn létí, mi ò purọ́. Ó so ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin, ojú mọ ojú tán, ó yẹ̀ sẹ́yìn. Irin tí wọ́n fi ń mú kí náítírójìn àti háídírójìn tètè di amóníà, tí ajílẹ̀ yúríà ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: irin ló wọlé, irin ló kù síbẹ̀. Àmọ́ inú ìkòkò kan náà ni amóníà ti ń tú padà, irin yìí sì ń mú títú yá bó ṣe ń mú síso yá. Alárenà wo ló ń báni so yìgì tó tún ń báni tú u lọ́jọ́ kan náà? (Berzelius, onímọ̀ kẹ́míkà ará Sweden, tó sọ iṣẹ́ kátálíìsì lórúkọ ní 1835, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ títú ló ti mú un. Òun náà ò kúkú rántí síso.)

Ẹni tó pe ipò tí síso àti títú ti bára mu ní "ìdúró", ẹ fà á padà, "ìdọ́gba" ni. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà tóóró tó wọ ọjà ní Tákíé: ogún ń wọlé, ogún ń jáde. Iye tó wà nínú ọjà ò yí, ẹsẹ̀ ò sì dúró. Bí wọ́n bá fẹ ẹnu ọ̀nà náà, bí kátálíìsì ṣe ń ṣe, ọgọ́rùn-ún á máa wọlé, ọgọ́rùn-ún á máa jáde. Ọjà á tètè kún dé ibi tó ń kún dé, kò ní kún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí amóníà pọ̀ ni kí wọ́n fún náítírójìn àti háídírójìn náà mọ́ra gan-an, bí ìlọ́po 200 agbára tí afẹ́fẹ́ ojú ayé fi ń tẹ nǹkan. Ooru àpọ̀jù ń mú kó tú. Ooru kékeré ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Irin ló jẹ́ kí iṣẹ́ lè yá ní nǹkan bíi 450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ǹtígíréédì.

Èmi fara mọ́ "amúyá". Ẹnìkan á ní ooru náà ń múni yá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ooru ń yẹ ìdọ́gba. Ká kúkú pè é ní "amúyá-má-yẹ̀": ìdọ́gba ò yẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò yẹ̀. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó mú un wá.