Kí ni máàkì JAMB yín ṣe fún yín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìdánwò JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbaniwọlé sí àwọn ilé-ìwé gíga ní Nàìjíríà, ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe láti bú u, kì í sì í ṣe láti yìn ín, bí kò ṣe kí oníkálukú wa sọ ohun tí máàkì tí ó gbà ṣe fún un àti ohun tí kò lè ṣe. N ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jókòó ṣe ìdánwò náà. Ní ọdún 2009, nígbà tí ó ṣì jẹ́ pé pẹ́ńsùlù HB la fi ń kun ìdáhùn lórí ìwé, 213 ni mo gbà nínú 400. Ní 2010, ọdún tí wọ́n pa ìdánwò ti yunifásítì pọ̀ mọ́ ti pólì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì sọ ọ́ di UTME, mo gba 248. Ní 2011 ni mo gba 271. Bàbá mi, tí ó jẹ́ bíríkìlà, pa àkùkọ kan lọ́jọ́ tí èsì náà jáde, àwọn ará ilé wa sì ti ń pè mí ní dókítà kí àkùkọ náà tó jinná lórí iná.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé 271 yẹn kò dá dúró. Láti ọdún 2005 ni ìjọba ti fún àwọn yunifásítì láyè láti tún fi ìdánwò tiwọn yẹ ẹni tí ó ti ṣe JAMB wò, èyí tí a ń pè ní Post-UTME lónìí. Ní ilé-ìwé tí mo yàn, wọn a fi 8 pín máàkì JAMB, kí 400 lè di 50. Wọn a fi 2 pín máàkì Post-UTME, kí 100 lè di 50. Wọn a wá ro méjèèjì pọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi 8 pín 271, yóò jẹ́ 33.875. Nínú Post-UTME, 51 ni mo gbà, nítorí pé mi ò tilẹ̀ ṣíwèé fún un; èrò mi ni pé wọ́n kàn fẹ́ fojú rí wa ni. Ìdajì 51 jẹ́ 25.5. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó 60, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba ẹni tí kò ní 67 sí ẹ̀ka ìṣègùn lọ́dún yẹn. Ọmọkùnrin kan wà tí a jọ ń lọ sí lẹ́sìnnì, 256 péré ni JAMB tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba 72 nínú èkejì. 32 àti 36 jẹ́ 68. Ó ti di dókítà báyìí, èmi sì ni ẹni tí wọ́n pa àkùkọ fún.

Ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fún mi níkẹyìn. Èyí kò dùn mí tó bí ó ṣe dùn mí pé odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi lé máàkì kiri láìmọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin Olùkọ́, tiyín tilẹ̀ sàn, nítorí pé ẹ mọ pẹ́ńsùlù lò. Ọdún 2015, tí wọ́n fòpin sí ti orí ìwé pátápátá, ni mo ṣe tèmi, ọjọ́ ìdánwò náà gan-an sì ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé mi. Kọ̀ǹpútà wà ní ilé-ìwé wa o. Inú yàrá tí wọ́n tì pa ni ó wà, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí òkú, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kì í sì í kúrò lápò ọ̀gá ilé-ìwé.

Ní gbọ̀ngán ìdánwò, bí mo bá fa máọ̀sì síhìn-ín, ọfà kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà a sá lọ sọ́hùn-ún. Mo mọ ìdáhùn, n kò mọ bí n ó ṣe yàn án. Iná tún lọ lẹ́ẹ̀kan ní ibùdó tí wọ́n pín wa sí, a sì jókòó nínú ooru títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí àbúrò mi ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó sọ fún mi pé lẹ́tà mẹ́jọ péré lórí kíbọ́ọ̀dù ti tó fún gbogbo iṣẹ́ náà: A, B, C àti D ni wọ́n fi ń yan ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S bí èèyàn bá ti parí, R bí ó bá yí ọkàn padà pé òun kò tíì parí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ.

189 ni mo gbà. 180 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì lọ́dún náà, ṣùgbọ́n 200 ni yunifásítì tí mo yàn ní òun fẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí n dé ibi Post-UTME rárá. Ìyá mi, tí ń ta aṣọ òfì, ní kí n má fi ọdún mìíràn ṣòfò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni mo gbà lọ, mo lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, mo gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo sì ti ẹnu ọ̀nà Direct Entry, tí wọ́n fi ń gba ẹni tó ti ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè 189 mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ni báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láti kíláàsì àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mẹ́fà ló ń dì mọ́ ẹyọ kan.

Ará Oǹdó ní Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ṣe JAMB ní 1988, nígbà tí àjọ náà pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn ọmọdé létí ohun tó fà á tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1978: ṣáájú ìgbà náà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ẹnì kan lè gba àyè ní ilé-ìwé mẹ́ta, kí ó lo ọ̀kan, kí méjì yòókù sì ṣòfò mọ́ àwọn tó ń wá a lọ́wọ́.

Ojú JAMB yìí ni mo fi ń wo SAT, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe níbí ní Amẹ́ríkà láti wọ yunifásítì, òun ló sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọmọbìnrin mi. Ní 2020, àrùn kòrónà mú kí wọ́n fagi lé ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì kéde pé ẹni tó bá wù ni kó fi máàkì SAT ránṣẹ́. Ó ní òun kò ní ṣe é mọ́. Mo ní, “Ta ni yóò gbà ọ́ láìṣe ìdánwò?” Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé ìyá rẹ̀ ló là wá.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé òfin kan wà ní Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, láti 1997 pé kí àwọn yunifásítì ìjọba gba ọmọ tó bá wà lára ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣáájú ní kíláàsì rẹ̀, àfi pé èyí tó wà ní Austin ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Ọmọ náà wà lára wọn. Iṣẹ́ ọdún mélòó kan ni wọ́n wò, kì í ṣe ti òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kò lè gba ọ̀nà yẹn: MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń lé, ti dá SAT padà láti 2022, yunifásítì ti Austin náà sì kéde ní 2024 pé àwọn yóò tún máa bèèrè rẹ̀. Ó ti ra ìwé ìgbáradì. Èmi kò sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Ọlọ́mọ Kan, Èkó

Ọmọ tèmi kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 2024, mínísítà kan ní kí ọmọ pé méjìdínlógún kí ó tó wọ yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, mínísítà mìíràn dá a padà sí mẹ́rìndínlógún. Láàárín ìgbà náà, oorun kò kun ojú mi. Ẹ̀yin Olùkọ́, ọmọ náà ní òun yóò gba 300. Bí ó bá gbà á, ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tíì pa àkùkọ o. Bí wọ́n bá fi 8 pín 300, 37.5 ni. Ọmọ tó gba 240 ní 30. Máàkì 60 tí ọmọ yín fi jù ú lọ ti di 7.5, ọmọ yẹn yóò sì gbà á padà bí ó bá fi 15 péré jù ú lọ nínú Post-UTME. Ẹ tún ro ti ìpínlẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi máàkì nìkan gbà. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé ká, ìdá 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé tó fẹ́ yàn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí a jọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pín in sí méjì dọ́gba. Àwọn kan ń fi máàkì sí èsì WAEC pẹ̀lú.