Gọ́tà ẹ̀yìn ọjà: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ kú ìdúró o. Ẹ rántí pé mo bèèrè bóyá kí n forúkọ sí lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ nítorí gọ́tà tó dí. Ẹ̀rù ń bà mí. Èkìtì ò tóbi, ta ni ò mọ ta ni?

Mo kọ́kọ́ fi lẹ́tà tí kò lórúkọ ránṣẹ́, wọn ò dá a lóhùn. Akọ̀wé kan ní ta ni àwọn ì bá fèsì fún? Kò purọ́, àmọ́ ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá mọ orúkọ mi kí wọ́n tó rí gọ́tà ni?

Ẹni tó dárúkọ òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ 7 ni òfin náà fún iléeṣẹ́ ìjọba láti fèsì, ẹni tó bèèrè ò sì ní láti sọ ìdí. Mo fi òfin yìí kọ lẹ́tà mìíràn, mo forúkọ sí i, mo bèèrè ta ló gba iṣẹ́ gọ́tà náà àti iye owó rẹ̀. Mo gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀dà yẹn ṣeré o, òun ni ẹ̀rí yín!

Èsì dé, kò kún tó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó ìdọ̀tí kúrò, omi ń lọ. Ìdérí ló kù, màá kọ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀.