Lórí “ìsẹ́-iṣẹ́”, “ìdílọ́wọ́” àti “àbùlẹ̀”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ẹ ń túmọ̀ sí Yorùbá, ẹ dábàá “ìsẹ́-iṣẹ́” fún denial of service, ìyẹn kí ọ̀tá mú kí ẹ̀rọ má lè dá àwọn tó ń lò ó lóhùn. Mo fara mọ́ “ìpàrokò” tí ẹ pe encryption (fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ kí ẹlòmíì má lè kà á), ó dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ “ìsẹ́” kò bá a mu. Ẹni tó bá sẹ́ mọ ohun tó ń sẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe báyìí kò sẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló dí.

Ẹ wo CVE-2022-0778 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àléébù mọ̀), àléébù inú OpenSSL, ètò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń pa ọ̀rọ̀ wọn lárokò, tí Tavis Ormandy ti Google rí, tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹta 2022. BN_mod_sqrt, apá kékeré inú rẹ̀ tó ń wá gbòǹgbò (square root) nọ́ńbà, gbà pé nọ́ńbà tí wọ́n gbé fún un láti fi pín kò ṣeé pín dọ́gba àfi pẹ̀lú 1 àti ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi èyí tó ṣeé pín sínú ìwé-ẹ̀rí (certificate, èyí tí ẹ̀rọ fi ń fi ẹni tó jẹ́ han ẹ̀rọ mìíràn), ìṣirò á máa yí po, kò ní í dúró. OpenSSL sì máa ń ka ìwé náà kó tó yẹ ìbuwọ́lù rẹ̀ wò, nítorí náà ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí lè dí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Àṣírí kankan kò jáde o. Ó dà bí ẹni tó dúró síwájú ìsọ̀ l'Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, tó ń ná ata láti òwúrọ̀, tí kò rà, tí kò lọ: ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí aláta bá sọ̀rọ̀. Ìdílọ́wọ́ nìyẹn.

Fún patch, ohun tí wọ́n fi ń dí àléébù inú ètò kọ̀ǹpútà, “àtúnṣe” ti fẹ̀ jù. “Àbùlẹ̀” ni kí a lò, ojú ibi tó ya nìkan la ń bù lẹ̀. Ẹ̀dà OpenSSL 1.1.1n àti 3.0.2 ló gbé ti àléébù yìí wá. Àmọ́ Ubuntu 20.04, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ṣì ń kọ 1.1.1f lẹ́yìn tí wọ́n ti bù ú lẹ̀, torí ara ti àtijọ́ ni wọ́n rán an mọ́. Àṣẹ dpkg -l libssl1.1 ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe openssl version. Kí ẹ sì pa nginx (ètò tó ń fi ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù ránṣẹ́) àti àwọn yòókù tó ń lo OpenSSL, kí ẹ tún wọn tàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì: àbùlẹ̀ wà nílé télọ̀, aṣọ yíya wà lọ́rùn. Àṣẹ lsof | grep DEL á fi àwọn tó ṣì dì í mú hàn.

Èsì láti Oǹdó:

Àbúrò, mo gba “àbùlẹ̀”, mo sì fi “ìsẹ́-iṣẹ́” sílẹ̀. Ṣùgbọ́n “ìdílọ́wọ́” lásán kò tó, òjò náà ń dí ni lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ ro “ìdísáfàlọ́wọ́” (sáfà ni server, ẹ̀rọ tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn), àmọ́ kò tọ̀nà: kọ̀ǹpútà tó bá lọ kan sáfà ọ̀tá náà á há, torí òun ló máa ń gba ìwé-ẹ̀rí, sáfà kì í gbà á àfi tó bá béèrè. “Ìdẹ́rọlọ́wọ́” ló gba méjèèjì.