Ọkọ̀ mi kì í fẹ́ gba jíà láàárọ̀ òtútù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú òtútù o. Chicago ni mò ń gbé. Ọkọ̀ àlòkù ọdún 2006 ni mò ń wà, òtòmátíìkì ni. Nígbà ooru kì í yọ mí lẹ́nu rárá. Àmọ́ láàárọ̀ tí omi bá ti dì sójú títì, tí mo bá fa jíà sí D, á dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 3, á wá ta gìrì gbéra bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Tó bá ti gbóná tán, ó di geerege.

Mo ti yẹ ọ́ìlì jíà wò: kò dín, kò rùn bí ohun tó jóná, ṣùgbọ́n ó ti dúdú. Mo ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná fún ìṣẹ́jú 5 kí n tó gbéra. Ó dín in kù, kò tán. Mẹkáníìkì kan ní kí n fi ẹ̀rọ fọ gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ dànù. Òmíràn ní n ò gbọdọ̀ dán an wò, pé ó lè pa jíà tó ti gbó, kí n kàn máa fa díẹ̀díẹ̀ jáde, kí n sì máa fi tuntun dí i. Ẹ̀rù ń bà mí, torí owó jíà ju iye tí mo ra ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ!

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀ o.